Kí Ló Pa Èyí Tó Já? Ìrírí Mi Pẹ̀lú Bẹ́líìtì Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́ẹ̀lì Ní Ìlẹ́ṣà

Píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń jẹun. Ẹrù oko ni mo ń fi kó wọ Ìlẹ́ṣà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló pọ̀ jù, láti àwọn oko tó wà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà wá sí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Bí àsìkò kòkó bá dé, àpò kòkó ni. Nígbà mìíràn mo máa ń gba Ìwárajà kọjá, kí n gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ gbé iṣu. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń dán ọkọ̀ wò níbí, òkè ni. Ọkọ̀ ń gùn, ọkọ̀ ń sọ̀, ẹrù wà lẹ́yìn, oòrùn wà lókè, ẹ́ńjìnì ò sì gbọdọ̀ gbóná jù.

Nínú gbogbo ohun tó lè dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ohun ńlá. Ó fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó túbò. Bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo yẹn ni, tó ń lọ́ kiri láàárín àwọn púlì, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnì, tí gbogbo wa ń pè ní fáànù bẹ́líìtì.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó wà nígboro báyìí náà kò sì rí bẹ́ẹ̀. Púlì ńlá tó wà lẹ́nu kíránkì, ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnì ń yí, ló ń yí bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì kan náà ló wá ń yí alternator tó ń fún bátìrì lágbára, wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnì ká, pọ́ǹpù sítíárì, àti kòmpírẹ́sọ̀ AC. Ọjọ́ tó bá já, gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti dísẹ́ẹ̀lì tún wá le ju ti pẹtiróòlù lọ níbì kan, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ni kò sì mọ̀. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró, agbára fífà yẹn náà ló sì ń ran búrẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ tó fi ń rọ̀ lẹ́sẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fún un ní pọ́ǹpù kékeré tirẹ̀ fún búrẹ́ẹ̀kì. Nínú àwọn dísẹ́ẹ̀lì kan, ẹ̀yìn alternator gan-an ni pọ́ǹpù náà wà. Bí bẹ́líìtì irú ọkọ̀ yẹn bá já, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ ó fi tẹ búrẹ́ẹ̀kì kó tó le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lórí ìsọ̀kalẹ̀ Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú iṣu tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà ni tèmi ti já. Ohun kan dún gbàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni fi pàṣán na páànù. Iná bátìrì tàn pupa, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i, nítorí sítíárì ti wúwo. Bàbá tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe ti kọ́ mi tipẹ́tipẹ́: bó bá jẹ́ iná bátìrì nìkan, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ alternator, èèyàn lè rọra tọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà. Ṣùgbọ́n bí iná bátìrì bá tàn tí sítíárì sì le lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì ti lọ nìyẹn, kí n pa ẹ́ńjìnì níbi tí mo bá ti kọ́kọ́ rí àyè. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Géèjì ooru kì í fìgbà gbogbo sáré gòkè nígbà tí bẹ́líìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Wọ́tà pọ́ǹpù ti dúró, omi tó wà lórí ẹ́ńjìnì ti ń hó lójú kan. Ẹni tó ń ti Ifẹ̀ bọ̀ á ní kí òun kàn dé Òṣú. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á ní kí òun ṣáà wọ Ìlẹ́ṣà. Kó tó débẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, owó bẹ́líìtì ti di owó ẹ́ńjìnì. Mo mọ ẹni tó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gun ọ̀kadà wá, àpò irin-iṣẹ́ lẹ́yìn, bẹ́líìtì tuntun lọ́rùn ọmọ náà. Àwọn ìyá tó ń dúró de ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mo ní, “Bàbá, ẹ kú wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wọlé kíákíá, ọjà ti ń lọ.”

Kò tilẹ̀ bojú wo bẹ́líìtì tuntun. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa èyí tó já jáde, ó na án gbọọrọ, ó wá ń fi èékánná tọ àwọn ìlà tó gùn lọ ní ojú inú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ló pa èyí tó já?”

Mo ní, “Bàbá, ó ti gbó ni.”

“Gbígbó kọ́ nìyí. Wá wò ó.”

Mo sún mọ́ ọn. Etí kan bẹ́líìtì náà ti jẹ wọ inú, òwú rẹ̀ ti yọ síta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, rọ́bà ti di lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Etí kejì mọ́ tónítóní. Bàbá ṣàlàyé pé bẹ́líìtì tó gbó lásán, bákan náà ni etí rẹ̀ méjèèjì máa ń rí. Èyí tó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, púlì kan ló ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yí àwọn púlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ti alternator. Ó yí ti sítíárì. Ó di ti wọ́tà pọ́ǹpù mú, ó mì ín bóyá á yẹ̀, kò yẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi ń jò, kò jò. Nígbà tó kan púlì kékeré dídán kan, èyí tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa darí bẹ́líìtì lọ, ó dákẹ́. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e. Mo yí i. Ìka mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́: ó ń họ, kò yí geere, gírísì inú bíárìn rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí púlì yí geere, ti gbẹ pátápátá. Mo mì ín, ó yẹ̀ lọ, ó yẹ̀ bọ̀.

Bàbá ní, “Òun nìyẹn. Bí a bá fi tuntun sí i báyìí, á tún pa ìyẹn náà.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sí bẹ́líìtì tuntun tó wọ ọkọ̀ mi láìjẹ́ pé a ti dáhùn ìbéèrè Bàbá. Mo ti wá rí i pé ìdí máa ń wà. Ó lè jẹ́ bíárìn púlì bí ti ọjọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó ń jò láti iwájú ẹ́ńjìnì, tó ń kán sí bẹ́líìtì díẹ̀díẹ̀ títí rọ́bà fi wú tó sì rọ̀. Ó lè jẹ́ sípíríǹgì tẹ́ńṣọ́nà, apá irin tó ń fún bẹ́líìtì, ló ti rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ àwọn tó ń fọ ọkọ̀: bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnì dán, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń fọ́n sí i, méjèèjì ló sì ń ba rọ́bà jẹ́. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n fọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì mi mọ́ bí n kò bá dúró tì wọ́n.

Nǹkan kejì tí Bàbá rí lọ́jọ́ náà ni pé bẹ́líìtì tó wà lọ́rùn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ mi. Ẹni tó tà á fún un ti sọ fún un pé ìlà rẹ̀ pé, pé ó máa wọlé. Ìlà rẹ̀ pé lóòótọ́, gígùn rẹ̀ ni kò bá a mu. Ẹ̀yìn bẹ́líìtì ni nọ́ńbà máa ń wà. Bí ẹ bá rí 7PK1800, iye ìlà ni 7, irú ìlà ni PK, 1800 sì ni gígùn rẹ̀ ní mìlímítà. Láti orí ìlà PK kan dé orí èkejì jẹ́ 3.56 mìlímítà, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ìyẹn ni bẹ́líìtì ilé-iṣẹ́ kan fi lè rọ́pò ti òmíràn, bí gígùn wọn bá ti bára mu. Èyí tó bá gùn jù, apá tẹ́ńṣọ́nà á na tán sórí rẹ̀, kò ní lè fún un mọ́, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí púlì. Èyí tó bá kúrú, bí ẹ bá tilẹ̀ fipá mú un wọlé, bíárìn gbogbo púlì ló máa jìyà rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ tẹ́ńṣọ́nà, àmì wà tó ń fi ibi tí apá náà yẹ kó dúró sí hàn, ẹ wá a.

Ọmọ náà padà sí Ìlẹ́ṣà lórí ọ̀kadà, ó mú bẹ́líìtì tó já lọ́wọ́ kó má bàa sí àríyànjiyàn ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní láti ra púlì kékeré náà bọ̀. Mo pe àwọn ìyá, mo tọrọ gáfárà. Àwa méjèèjì jókòó sábẹ́ igi kòkó, Bàbá sì fi àkókò yẹn kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe lónìí.

Kí ọwọ́ tó kan nǹkan kan, ó tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò ara mi, kí n má fi í sílẹ̀ lójú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan tẹ́ńṣọ́nà. Apá irin kan ni, púlì wà lẹ́nu rẹ̀, sípíríǹgì líle wà nínú rẹ̀ tó ń ti púlì náà mọ́ bẹ́líìtì ní gbogbo ìgbà. Ibi tí sípánà máa wọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan orí bọ́ọ̀tì ni, nínú òmíràn ihò onígun mẹ́rin ni. Ẹ ó fi irin-iṣẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn yí i síhà ibi tí sípíríǹgì ti ń tako yín, púlì á sún, bẹ́líìtì á sì dẹ̀. Sípánà kúkúrú kò yẹ níbẹ̀ rárá. Bó bá bọ́, apá náà á fò padà tagbára-tagbára, ìka tó bá wà láàárín ló máa gbà á. Bàbá máa ń ki páìpù bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè gùn sí i, á fi gbogbo ara tì í jẹ́jẹ́, á sì dá a padà jẹ́jẹ́.

Ní ti ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà, àwòrán kékeré kan máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ti tòkunbọ̀ tèmi ti bọ́ dànù kó tó dé ọwọ́ mi. Bàbá ya á sórí páálí fún mi láti inú orí rẹ̀, ó wá fún mi ní òfin kan tí mo fi ń yẹ ara mi wò: ojú tó ní ìlà ló ń bá púlì tó ní ìlà pàdé, ẹ̀yìn pẹlẹbẹ ló ń bá púlì dídán pàdé. Bí ẹ bá rí i pé ojú tó ní ìlà ń gun púlì dídán, ẹ ti ṣì í gbà níbì kan, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ya fọ́tò iwájú ẹ́ńjìnì yín lónìí, nígbà tí bẹ́líìtì ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ti já, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yà mọ́. Ẹ ya nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ náà bó bá ṣì hàn.

Nígbà tí bẹ́líìtì ò sí lórí ọkọ̀ ló dára jù láti yẹ púlì alternator wò. Nínú ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, púlì yìí kì í ṣe irin lásán. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń fa bẹ́líìtì ní fífà-fífà, pàápàá nígbà tí eré rẹ̀ bá kéré, alternator sì wúwo, kì í fẹ́ tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà tó bá dín eré kù. Nítorí náà ni wọ́n fi púlì tó ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ síhà kan, tó sì ń di alternator mú síhà kejì sí i. Bí ẹ bá di inú alternator mú tí púlì náà kò yí lọ́fẹ̀ẹ́ síhà kankan, ó ti há nìyẹn. Bó bá sì ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ síhà méjèèjì, ó ti bàjẹ́ bákan náà. Púlì tó há máa ń jẹ́ kí apá tẹ́ńṣọ́nà máa gbọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, gbígbọ̀n yẹn a sì máa pa tẹ́ńṣọ́nà àti bẹ́líìtì pa pọ̀.

Ọmọ náà dé, púlì tuntun wọlé, bẹ́líìtì tẹ̀ lé e. Bàbá fi púlì dídán kan ṣe ìkẹyìn, torí òun ló rọrùn jù láti yọ́ bẹ́líìtì gùn. Kó tó jẹ́ kí n wọ mọ́tò, ó fi ìka tọ gbogbo púlì lẹ́sẹẹsẹ bóyá ìlà kọ̀ọ̀kan wọ ojú rẹ̀. Bẹ́líìtì tó bá fo ìlà kan péré, láìpẹ́ ló máa fà ya. Ó fi sípánà yí kíránkì, ó jẹ́ kí bẹ́líìtì yí po, ó tún wò ó. Ìgbà yẹn ló dá wáyà bátìrì padà, tó ní kí n tan ẹ́ńjìnì. Ó ṣiṣẹ́. A tan AC, a tan iná iwájú kí alternator lè ní iṣẹ́, kò pariwo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ọjà lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ sọ ti ariwo díẹ̀, torí ó jọ pé òun ni a ń ṣì mú jù. Ọ̀pọ̀ wa, bí bẹ́líìtì bá ti ń han láàárọ̀, ọṣẹ la máa ń fi pa á, tàbí ká ra ìpara tí wọ́n ń fọ́n sí bẹ́líìtì. Ariwo náà á lọ, àìsàn náà á wà níbẹ̀, ìpara náà á sì máa kó eruku pupa ọ̀nà wa jọ sínú ìlà. Omi lásán sàn jù, kì í ṣe láti fi wò ó sàn, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́, aṣọ yín ò ní fẹ̀, ẹ ó dúró jìnnà díẹ̀, ẹ ó fọ́n omi sí ojú tó ní ìlà. Bí ariwo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó sì padà, púlì kan kò tọ́ níbi tó wà. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ń yọ̀ ni, kò fún tó, ẹ wo tẹ́ńṣọ́nà àti gígùn bẹ́líìtì.

Ẹ má sì dúró de kí ó là kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì ayé àtijọ́ máa ń là kó tó já, ojú sì ń rí i. Rọ́bà tí wọ́n ń lò báyìí, EPDM, kì í tètè là. Ṣe ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tí inú ìlà rẹ̀ á máa jìn sí i, tí á sì máa fẹ̀ sí i, láìsí pé ó la níbì kankan. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń lo èékánná. Inú ìlà tuntun máa ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ti jẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ́ tó sì ń fẹ̀. Ó lè dúdú dáadáa lójú, kó má sì lè di púlì mú mọ́.

Bẹ́líìtì inú tó ń yí káámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, kò sí nínú ohun tí mo ń sọ o. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì kan ní in, àwọn mìíràn ṣéènì ni wọ́n ní, iṣẹ́ ọ̀gá sì ni.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́líìtì ọkọ̀ mi dákẹ́ rọ́rọ́, etí rẹ̀ méjèèjì sì rí bákan náà. Púlì kòmpírẹ́sọ̀ AC ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hùn díẹ̀ báyìí. Mo tẹ́tí sí i lánàá, ó ń họ. Bàbá ní kí n má tan AC títí di Sátidé, kí n gbé ọkọ̀ wá fún òun ní ìdájí kí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ká tú bẹ́líìtì kúrò ká wò ó dáadáa.